Ilé Tí A Kọ́ De Màmá

Bí ẹ bá ti Inísà wá sí Òkukù, tí ẹ sì béèrè ilé Adéjàre, kò sí ọlọ́kadà tó máa ṣì yín lọ́nà. Páànù ilé náà pupa, òpó ńláńlá ló dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni pé gómìnà ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni Adéjàre. Èmi ni Fọláfúnmi, tíṣà ni mí ní Inísà, ibẹ̀ náà ni ilé ọkọ mi wà. Gbogbo ẹni tó bá rí ilé yẹn ló ń yìn ín. Èmi kì í yìn ín ní tèmi. Bí mo bá dé iwájú rẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ni ẹkún á máa gbọ̀n mí, mà á wá rọra nu ojú mi kí n tó wọlé.

Ilé amọ̀ tí bàbá wa kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ni ojú Màmá ti fọ́. Àrùn ojú tí kì í dun èèyàn ni. Ká tó mọ̀ pé ó ń ṣe wọ́n, ká tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má káàánú Keziah ìyá mi o, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Nínú ilé amọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í mú wọn lọ́wọ́. Wọ́n á jí, wọ́n á na ọwọ́ òsì, wọ́n á bá ògiri níbẹ̀. Ògiri yẹn ni wọ́n á máa tọ̀ láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àdògán wọn àti efinrin wọn wà. Ibi tí ọwọ́ wọn ń gbà kọjá lára ògiri náà ti ń dán. Wọ́n ń se iṣu fúnra wọn, wọ́n ń já efinrin sọ́bẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa fi ìró ẹsẹ̀ mọ ẹni tó ń kọjá, wọ́n á sì kí i tòun ti oríkì rẹ̀. Bí èmi bá ṣèèṣì gbé àpótí kúrò láyè rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ èébú tí mo máa gbà.

Ọdún Àjíǹde ni Bọ̀dá mi ti Àbújá dé, tó ní òun fẹ́ kọ́ ilé fún Màmá. Inú gbogbo wa dùn. Màmá gbàdúrà títí ohùn wọn fi há. Ọ̀rọ̀ wá ku ta ló máa bá wa kọ́ ọ.

Èmi ni mo mú Olúwapẹ̀lúmi wá. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé ni, ó ti di àkítẹ́ẹ̀tì ní Òṣogbo. Mo rò pé ó máa mú okùn ìwọ̀n jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò mú nǹkan kan jáde. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú mi káàkiri ilé yín."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi afọ́jú ni kí n mú ìwọ olójú méjì káàkiri?"

"Ẹ̀yin náà ni mà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà."

Wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ òsì, ọmọ náà tẹ̀ lé wọn. Ó ń wo ibi tí wọ́n ń fọwọ́ kàn, ibi tí wọ́n ń dúró sí, ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n má baà kọsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí efinrin ni Màmá já ewé díẹ̀ fún un pé kó máa lọ fi sebẹ̀. Nígbà tó wá gbé àwòrán ilé tuntun dé, ilé bulọ́ọ̀kù ni, ó ní ilé ìwẹ̀ nínú, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ọ̀nà ló wà níbi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, ògiri ọwọ́ òsì náà sì lọ láti yàrá Màmá títí dé ìdí efinrin. Àfi bí ẹni pé ilé wa àtijọ́ pààrọ̀ aṣọ.

Bọ̀dá mi yí àwòrán náà sí ìhín, ó yí i sí ọ̀hún. "Pálọ̀ yìí nìkan náà nìyí? Níbo làwọn àlejò máa jókòó sí?"

"Àlejò wo, sà?" ni Olúwapẹ̀lúmi bi í.

Èmi mọ àlejò tí Bọ̀dá mi ń sọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. Ọmọ tó bá rí jájẹ kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òkú ìyá òun jáde látinú ilé amọ̀. Àwọn àlejò ìsìnkú á wo òkú tán, wọ́n á wá yíjú wo ilé. Àwọn kan wà tí wọn kì í ra símẹ́ńtì àfi ìgbà tí ìyá wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ló bá lọ pe Ògúntóyìnbó, bíríkìlà ará Ìkìrun tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ògiri rẹ̀ kì í sán. Gbogbo àwọn tó ń sáré kọ́ ilé de òkú òbí wọn láti Ìkìrun títí dé Òkukù, òun ni wọ́n ń pè. Ọkùnrin náà dé, ó dúró síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Adéjàre," ló wí, "apá ibo la máa fi sílẹ̀ fún Màmá?"

Sàréè ló ń sọ. Màmá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nínú igbá. Mo rí i tí ìka wọn dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ̀gúsí wọn lọ.

"Apá ọ̀tún," ni Bọ̀dá mi dáhùn.

Ògúntóyìnbó ní ó dára. Ó ní pálọ̀ ni kó gba gbogbo àárín ilé, kó má ní ògiri kankan, kí wọ́n lè tẹ́ Màmá sáàárín lọ́jọ́ náà kí èrò sì rí ọ̀nà yí wọn po. Ó ní yàrá wọn á wà lápá ọ̀tún, òun á sì yọ ilẹ̀kùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó máa já síta, kí àwọn tó ń gbé pósí má baà máa fún ara wọn láàárín èrò. Ó rò ó jinlẹ̀ lóòótọ́.

Ó ti sú mi. Mo fa Bọ̀dá mi lọ sẹ́yìnkùlé. "Bọ̀dá, ọmọbìnrin yẹn béèrè bí Màmá ṣe ń gbé. Ọ̀rẹ́ yín béèrè ibi tí a máa sin wọ́n sí. Èwo nínú wọn ló fẹ́ kọ́ ilé fún alààyè?"

"Fọláfúnmi, rọra. Ilé bàbá wa la ń sọ, ìwọ ti ní ilé ọkọ tìẹ."

"Ẹ wá fẹ́ wó ilé tó jẹ́ ojú fún wọn?"

Ògúntóyìnbó ti tẹ̀ lé wa dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ ẹ́ rí i."

Bọ̀dá mi lọ bi Màmá léèrè. Wọ́n ní, "Ohun tí ẹ bá ti ṣe ló dára, ọmọ mi." Ìyá tí kò fẹ́ kí inú ọmọ òun bàjẹ́ ló ń fèsì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Bọ̀dá mi gbà á bí ẹni gba àṣẹ. Olúwapẹ̀lúmi ká àwòrán rẹ̀, ó dágbére, ó lọ.

Wọ́n wó ilé amọ̀. Ìdí efinrin lọ pẹ̀lú rẹ̀. Màmá wà lọ́dọ̀ mi ní Inísà títí wọ́n fi kọ́lé tán, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé, "Ilé wa ńkọ́? Ṣé ó ti kù díẹ̀?"

Lọ́jọ́ ìṣílé, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n ní kí onílé wọlé. Màmá gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n tún nà án díẹ̀ sí i, pálọ̀ náà fẹ̀ lọ salalu, táìsì ń dán nílẹ̀, ọwọ́ ìyá mi sì ń wá ògiri kiri. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n ń júwọ́ sí àwọn ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo sáré lọ mú wọn lọ́wọ́.

"Ṣé ilé wù yín, Màmá?" ni Bọ̀dá mi bi wọ́n.

"Wọ́n ní ó dára," ni wọ́n dáhùn. "Olúwa á bá mi san án fún ọ."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti di ẹni tí wọ́n ń gbé kalẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, opó kan nínú ẹbí wa, ló wá ń gbé tì wọ́n. Òun ló ń mú wọn lọ sórí àga, òun ló ń mú wọn lọ ilé ìwẹ̀, òun ló ń sebẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ dá rìn, táìsì yọ̀ wọ́n. Wọn ò fara pa, ṣùgbọ́n wọn ò tún gbìyànjú rẹ̀ mọ́. Èébú tí wọ́n máa ń bú mi náà dáwọ́ dúró. Ẹ ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n bú mi.

Bọ̀dá mi rí i, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó ta okùn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn nínú pálọ̀ kí wọ́n lè máa tọ̀ ọ́. Màmá fọwọ́ kan okùn náà. "Adéjàre, ṣé ewúrẹ́ lo so mọ́bí ni?" A rẹ́rìn-ín, ó sì tú okùn náà. Ó wá pe Olúwapẹ̀lúmi lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá tún un ṣe. Ọmọ náà wá. Ó yí pálọ̀ náà ká, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, "Sà, a lè mọ ògiri tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni ẹ wó."

Ìgbà tó lọ tán ni Bọ̀dá mi jókòó ti òpó kan níta. "Fọláfúnmi, mi ò ro Màmá rárá. Ojú àwọn èèyàn ni mò ń rò." Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ti gbèrò ohun tí mo máa sọ sí i tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ńṣe ni mo jókòó tì í.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyí. Bọ̀dá mi àti èmi jọ dé láàárọ̀ láìròtẹ́lẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ti lọ pọnmi. Àga Màmá ṣófo. Yàrá wọn ṣófo. Bọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Màmá! Màmá!"

"Mo wà níbí. Kí ló dé tí ẹ ń pariwo?"

Ìta, lápá ọ̀tún, ni ohùn wọn ti wá. Gbogbo àyíká ilé ni wọ́n ti fi kankéré bò, àyàfi ibẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni, wọ́n fi sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Ìyá mi jókòó sáàárín rẹ̀ lórí àpótí, wọ́n ń yá oòrùn, wọ́n na ẹsẹ̀.

"Ta ló mú yín débí?" ni mo bi wọ́n.

"Ẹnikẹ́ni ò mú mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yàrá mi, mo na ọwọ́ òsì, mo bá ògiri. Mo sì tọ̀ ọ́ débí." Ayọ̀ wà lóhùn wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀. "Nínú gbogbo ilé yìí, ibí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n dé."

Bọ̀dá mi rọra ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ibi tí ẹ jókòó sí?"

"Ìwọ náà. Ìṣojú mi kọ́ ni Ògúntóyìnbó ti bi ọ́? Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di."

Adéjàre dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n fọwọ́ wá orí rẹ̀ títí wọ́n fi rí i. "Dìde, ọmọ mi. Mi ò bá ọ jà. O fẹ́ yẹ́ mi sí, mo mọ̀." Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí rẹ̀. "Wá efinrin fún mi, kó o bá mi gbìn ín síbí. Ibi tí mo bá lè dá rìn dé, ó yẹ kí n máa rí nǹkan já níbẹ̀."

Èmi ni mo mú igi efinrin wá láti Inísà. Adéjàre gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ́ bá wọ ilẹ̀ yẹn ló ń dúró, á mí kanlẹ̀, kó tó tún gbé e sókè.