Ọjọ́ Méje Tí Ọmọ Mi Fi Jókòó

Ara mi kì í gba ìjókòó. Ẹsẹ̀ mi á máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú mi á máa ṣọ́ ọmọ. Láti ọjọ́ tí ikọ́ fée, èyí tó máa ń dí èémí rẹ̀, ti gbé ọmọbìnrin mi ṣubú ní pápá iléèwé, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ni mo ti ń pariwo mọ́ ọn: "Jókòó! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ẹsẹ̀-ò-gbélé là ń pè é. Ó wá fẹ́ sáré ìdíje iléèwé tó máa wáyé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà ní àfi kí dókítà fọwọ́ sí i. Dókítà ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe lágbára tó. Nọ́ọ̀sì bá so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn níbàdí, kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó ní yóò máa ka ìrìn àti eré rẹ̀ fún ọjọ́ méje, tó bá fẹ́ wẹ̀ nìkan ni kó tú u.

"Kó máa ṣe bó ṣe máa ń ṣe o, ìyá wa."

Mo ní ẹ ṣeun. Nínú mi, mo ní, ta lẹ fẹ́ tàn? Amí rèé! Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí ń gbọ́ràn ni.

Bá a ṣe délé, mo ní, "Tó o bá fẹ́ sáré lọ́jọ́ Sátidé yẹn, jókòó. Tí wọ́n bá rí i pé o ń gbọ́ràn, wọ́n á fọwọ́ sí i."

Háà, ọmọ náà jókòó! Bàbá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ bá a lórí àga, ó ń bi mí pé ìgbà wo la bí ọba. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń jó lábẹ́ tábìlì. Mo bá ìyẹn náà wí. Lọ́jọ́ kẹfà ó bú sẹ́kún, ó ní ara ń yún òun láti inú wá. Mo ní kó fara dà á, ó ku ọjọ́ kan péré.

Nígbà tá a gbé ẹ̀rọ náà padà lọ, dókítà wo kọ̀ǹpútà títí.

"Ìyá, ọmọ yìí kì í rìn rárá. Ẹni tí kì í mira tó báyìí, mi ò lè ní kó lọ sáré ìdíje."

Ẹsẹ̀-ò-gbélé kàn yíjú sí mi. Ó ṣì jókòó ṣinṣin, ọwọ́ lórí orúnkún, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ojú gbà mí tì. "Dókítà, èmi ni mo ní kó jókòó."

Nọ́ọ̀sì lanu. Dókítà mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà so, ọjọ́ méje mìíràn. Ọ̀túnla sì ni Sátidé. Ìdíje ọdún yìí bọ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́, èmi ni mo fà á.

A jáde sínú ọgbà ọsibítù. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: "Ó yá, sáré dé ẹnu géètì."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Kò mira.

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu yín."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ìgbà yẹn ló tó sáré.