Yàrá Onílé Lọ́jọ́ Sátidé

Ìgbà kẹta tí Bàbá Owólabí Olúsànyà máa wọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Sábó ní Ṣàgámù nítorí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ṣoṣo nìyí, Sàláwù tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe sì tún ní kí ó padà wá lọ́la.

"Ọ̀la wo?" ni bàbá jágbe mọ́ ọn. "Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni mí. Ọ̀la tó kù lọ́wọ́ mi ò tó èyí tí wàá máa fi ṣeré."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rọ tó ń lo irú kásẹ́ẹ̀tì yìí ò sí níta mọ́. Mo ti bẹ ẹnìkan kó bá wa dà á sínú fláàṣì."

"Ó dáa. Níbí ni màá ti dúró dè é."

Ó fìdí kalẹ̀ sórí àpótí, kò dìde títí wọ́n fi gbé fláàṣì náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ má pè é lólóríkunkun o. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Màmá Ṣọlápé ti ń gbàgbé nǹkan, ó sì ti wá burú débi pé tó bá jí láàárọ̀, á wo ọkọ rẹ̀ lójú kòrókòró, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Alàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí ọkọ mi?" Ojoojúmọ́! Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ lọ́dún méjìdínlọ́gọ́ta sẹ́yìn, tó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu! Ta ni irú èyí ò ní í bí nínú?

Àfi ọjọ́ kan tí bàbá gbọ́ tí màmá ń rọra kọ orin kan bó ṣe ń ká aṣọ. Orin Sátidé ni. Ní London, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, òyìnbó opó tó ni ilé tí wọ́n ń gbé máa ń pè wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí wọ́n wá bá òun wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọkùnrin òyìnbó á kun ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n á kun ẹnu wọn ní funfun, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á sì máa bá àwọn omidan tó de ìyẹ́ mọ́rí jó. Orin náà dùn jàre! Ogún ohùn á jáde bí ẹyọ kan, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sì ní í ṣì. Iná ń jó nínú ààrò, tíì ń bẹ, bisikíìtì ń bẹ. Láti ìgbà tí bàbá ti padà sílé, kò sí eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n tí kì í pòṣé sí. "Ẹ ò tíì rí eré," ló máa ń wí fáwọn ọmọ.

Ó wá dá a lójú pé tí màmá bá fojú rí eré yẹn, tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, orúkọ òun á padà sí i lẹ́nu. Kó pe òun lẹ́ẹ̀kan péré. Kò bẹ Ọlọ́run ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé fláàṣì délé, iná ò sí. Ọjọ́ kejì, iná ò sí. Ọjọ́ kẹta, iná dé, ó tún lọ kí bàbá tó wá awò ojú rẹ̀ rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. "Kí ni mo ṣe fún orílẹ̀-èdè yìí gan-an?" Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni iná tó rójú dúró. Ó fi màmá jókòó, ó ki fláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Bí àwọn olójú dúdú ṣe ń jó wọlé ni Moyọ̀sọ́lá, àkọ́bí wọn tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ti ilé ìdáná jáde. Ó dúró gbagidi.

"Bàbá mi, kí lẹ̀ ń wò yìí?"

"Eré tí mo máa ń sọ fún yín ni."

"Eré kẹ̀! Àwa ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí! Ẹ wo bí wọ́n ṣe kun ẹnu. Ẹ̀yin àti màmá mi wá jókòó, ẹ ń wo èyí?"

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ìwọ lo fẹ́ là mí lójú? Nínú gbogbo London nígbà yẹn, ta ló tún ní ká wọlé wá yáná? Ká wá ní àgbàlagbà pè wá, a ò lọ? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn? Orin ni mo ń gbọ́, mi ò wo ojú wọn!"

"Ẹ bá mi pa á, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Fọwọ́ kàn án kó o rí ìjà mi!"

Ibi tó ti ń pariwo lọ́wọ́ ni ẹnìkan ti fà á láṣọ.

"Bọ̀dá Labí."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Moyọ̀sọ́lá lórúkọ, màmá ò pe bàbá bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Moyọ̀ ló ń pè é, bó ṣe yẹ kí abiyamọ pe ọkọ rẹ̀. Bàbá yíjú. Màmá ń wò ó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó mọ̀ ọ́n. Olúwa mi o, ó mọ̀ ọ́n!

"Ṣọlápé," ló wí. "Èmi rèé o."

"Bọ̀dá Labí, ẹ jẹ́ ká gòkè." Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn nínú yàrá má baà gbọ́. "Onílé tún ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo ojú wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé dandan ni kí n tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yìí lónìí?"

Bàbá jókòó. Òun ló kọ́ ọ. Tí eré bá ti parí, òun ló máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó kúnlẹ̀, kí òyìnbó má baà rò pé wọn ò kọ́ ìyàwó òun, ọmọ Ìsarà, nílé. Bó bá sì ti kúnlẹ̀, onílé á pàtẹ́wọ́, àfi bí ẹni pé eré ò tíì tán. Odindi ọdún mẹ́ta. Kò bi í rí bóyá ó ń wù ú wò. Orin dùn mọ́ òun, ó sì rò pé ó ń dùn mọ́ ẹni méjì.

Ó tẹ rìmóòtù, kò ṣiṣẹ́. Ó gbá a mọ́tan, kò ṣiṣẹ́. Ó dìde tìbínútìbínú, ó fa wáyà yọ lára ògiri.

"O ò ní í kúnlẹ̀," ló wí. "Dìde, ká gòkè."

Ilé wọn ní Ìkẹ́nnẹ́ ò ní òkè. Ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá. Kí màmá tó jókòó tán lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti tún ń wò ó bí àlejò.

Bàbá padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, ó yọ fláàṣì, ó nà án sí Moyọ̀sọ́lá. "Bá mi jù ú nù."

"Bàbá mi, ó pè yín! Mo fetí ara mi gbọ́. Bóyá tá a bá tún fi han màmá lọ́la..."

"Ibo ló ti pè mí? Ṣé kí n máa dá a padà síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí n ṣáà lè gbọ́ orúkọ mi? Jù ú nù, mo ní!"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, màmá jí, ó wò ó lójú kòrókòró.

"Ẹ káàárọ̀, Alàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí ọkọ mi?"

"Mo rí i," ni bàbá wí. "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní í sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé mọ́."

Màmá mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."