Ìgò Búlúù Nínú Ilẹ̀ Gbọ̀ngàn

Ilé àtijọ́ tó kọjú sí omi ní Apápá kò pọ̀ mọ́. Èyí tí à ń wí yìí, bàbá àgbà Màdámù Morádéún ló kọ́ ọ nígbà tí owó kòkó ṣì ń ṣe bẹbẹ. Kí á má purọ́, ilé náà rẹwà: fèrèsé onígi tó ga ju ènìyàn lọ, àtẹ̀gùn tó lọ́ bíríbírí lọ sókè, gíláàsì aláwọ̀ lókè ilẹ̀kùn iwájú, tó jẹ́ pé bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti gbà á kọjá, gbogbo ara ògiri a di pupa, a di yẹ́lò. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ló háyà rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì lò ó nílòkulò. Nígbà tí wọ́n kó jáde lọ́dún 1991, Màdámù ní òun á sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọlọ́lá á máa dù láti sùn sí.

Mùnírù, ọmọ Ìwó tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, kò wá síbẹ̀ láti ṣe nǹkan ẹwà. Iṣẹ́ tẹ̀rásò ló kọ́, iṣẹ́ kí á po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, kí á dà á sílẹ̀, kí á wá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń jẹun nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n táìsì ti dé, kò sí olówó tó tún fẹ́ gbọ́ tẹ̀rásò létí, ẹ̀rọ Mùnírù sì wà lẹ́yìn ilé tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà Ephraim, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó àtúnṣe ilé náà, gbà á pé kó wá ká kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò ní gbọ̀ngàn, kó sì fi òòlù ṣá ilẹ̀ ibẹ̀ kí táìsì lè rí ibi dì mú. Táìsì ọ̀hún ń bọ̀ láti Ítálì. Kọ̀nténà rẹ̀ ti wà ní wọ́ọ̀fù, wọn ò tíì fi í sílẹ̀ ni.

Mùnírù ká kápẹ́ẹ̀tì, ó bá gọ́ọ̀mù dúdú tó bo ilẹ̀. Kó tó gbé òòlù, ó da omi sí igun kan, ó sì fi irin ha á, nítorí pé oníṣẹ́ tẹ̀rásò kì í dá ilẹ̀ lẹ́jọ́ ní gbígbẹ. Ohun tó rí mú un jókòó sílẹ̀. Ilẹ̀ funfun ni, nǹkan búlúù ń tàn nínú rẹ̀ káàkiri, àwọn nǹkan roboto kan tó lọ́ po sì wà láàrin wọn. Mùnírù ti lọ ilẹ̀ báńkì, ó ti lọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ọsibítù, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fi òòlù sílẹ̀, ó lọ bá Màdámù.

"Mà, ẹ má jẹ́ kí á ṣá ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ̀ ọ́."

"Bàbá, táìsì ti dé wọ́ọ̀fù."

"Tí táìsì bá bò ó, mà, ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́."

Màdámù wò ó títí. "Ó dáa, ẹ máa lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí kọ̀nténà bá fi máa jáde, tí ohun tí mo rí kò wù mí, wọ́n á tẹ́ táìsì lé e. Ẹ ò ní bínú o."

"Mi ò ní bínú, mà."

Irọ́ ló pa. Nígbà tó délé, ó sọ fún Kaothar ìyàwó rẹ̀ pé bí wọ́n bá bo ilẹ̀ yẹn, òun á ta ẹ̀rọ òun fún àwọn tó ń ra irin, àwọn á sì padà sí Ìwó. Kaothar mọ̀ pé kò fi ṣeré.

Mùnírù lé adìyẹ kúrò, ó gbé ẹ̀rọ lọ sí Apápá, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Wàhálà kan wà níbẹ̀: láàrin gbọ̀ngàn gan-an, níbi tí àwọn ayálégbé gbé àpótí irin tí wọ́n ń kó ìwé sí kalẹ̀, ilẹ̀ ti fọ́ yángá. Mùnírù kọ́kọ́ fi òkúta funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà dí i. Ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n lẹ aṣọ mọ́ ìdí ṣòkòtò. Ó fọ́ ọ kúrò. Ó mú ègé kan nínú ilẹ̀ àtijọ́ lọ fi han Kaothar, obìnrin yẹn sì wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá Mansur, ìgò oògùn inú rírun ni búlúù yìí. Àwọn ìgò àtijọ́ wọ̀nyẹn."

Ìyá Onoriode, ará ilé wọn tó máa ń fi ìṣáwùrù sebẹ̀, sún mọ́ wọn. "And this one na periwinkle shell. See as dem cut am for middle."

Láti ọjọ́ náà, ìkarahun ìṣáwùrù kankan kò tún lọ sórí ààtàn nínú ilé yẹn. Kaothar sì ń kan ilẹ̀kùn kiri Ajégúnlẹ̀, ó ń bèèrè ìgò búlúù lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, títí àwọn kan fi ń bi í bóyá inú ló ń run ún. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló kó jọ. Mùnírù fọ́ wọn wẹ́wẹ́, ó dí ojú ibẹ̀, ó lọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ibi tí èyí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe kan ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nínú iṣẹ́ tẹ̀rásò, ọjọ́ kan wà tí onílé kò gbọdọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá ti lọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì ṣíṣàn kun gbogbo ojú rẹ̀ kí ihò wẹ́wẹ́ lè dí, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gan. Ilẹ̀ náà a wá rí bákan, bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ọ̀gá tó kọ́ Mùnírù níṣẹ́ máa ń ti ilẹ̀kùn ni, á ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Mùnírù náà máa ń tì í. Àmọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó kun ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, wọ́n pe ìrun àsárì, ó sáré jáde lọ ṣe àlùwàlá, ó gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ìgbà tó máa padà, Màdámù àti Ephraim ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, òun nìyí?"

"Mà, kò tíì parí..."

"Kọ̀nténà ti jáde, Bàbá," ni Ephraim wí. "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbé e bọ̀."

Màdámù kò bú u. "Ẹ ti gbìyànjú, sà. Ẹ ṣé," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ì bá tẹ́ Mùnírù lọ́rùn kó bú òun. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ojú sì ń tì í bí ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá tilẹ̀ ṣàlàyé, wọ́n á rò pé àwáwí ni.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó má parí rẹ̀. Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, ó fi òkúta ẹ̀rọ tó kúnná jù lọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi ìda pa á, ó kúnlẹ̀, ó ń fi àkísà àpò nù ún. Ibi tó kúnlẹ̀ sí ló wà tó fi gbọ́ fèrè tírélà.

Màdámù àti Ephraim ti wà níta. Wọ́n ní kí Okechukwu, awakọ̀ tó gbé táìsì dé, lọ wo ibi tó máa kó páálí sí. Ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn wá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó há a sí abíyá, ó sì rọra wọlé láìwọ bàtà.

Kò pẹ́ tó fi padà jáde. "Madam, abeg no vex. I think say na me carry your tile. Person don lay am finish."

Màdámù wo ẹsẹ̀ Okechukwu, ó wo sálúbàtà tó wà lábíyá rẹ̀, ó wá bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì wo ilẹ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà onígigísẹ̀ rẹ̀ náà.

"Kí ni búlúù yìí, Bàbá?"

"Ìgò oògùn inú ni, mà."

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá wa nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni inú ń run wọ́n." Ó yíjú sí Ephraim. "Ẹ bá wọn wá ibi tí táìsì yẹn máa lọ. Bálùwẹ̀ ni o, ilé ìdáná ni o. Kì í ṣe ibí."

Mùnírù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá ìjẹun náà, kápẹ́ẹ̀tì ṣì wà ńbẹ̀," ni Màdámù wí. "Ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó lè ṣe wọ́n kí Kérésìmesì tó dé?"

Omijé lé sí Mùnírù lójú. Ó ronú kan adìyẹ tó ní láti lọ wá ibòmíràn máa yé sí.

"Á ṣe é, mà," ni Mùnírù wí, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń nu ipa ẹsẹ̀ Okechukwu kúrò nílẹ̀.