Tẹmómítà Bàbá Lórí Kẹ̀kẹ́ Mi

Bàbá mi kì í tètè rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá dá àpárá fún un nídìí oúnjẹ ọ̀sán, yóò jẹun tán, yóò fọwọ́, yóò ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí gbogbo wa bá ti gbàgbé, ẹ ó kàn gbọ́ ọ nínú yàrá tí ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Màmá ní kò burú, pé àpárá kan ṣoṣo ń pa òun lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ojú-ọjọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ṣí àpótí funfun kan láàárín pápá, kí ó ka tẹmómítà inú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ti àpótí padà. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní tẹmómítà àtijọ́ kan, onígíláàsì tó nípọn, tí wọ́n fi idẹ bò lára. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ sí. Fọ́tò ìgbéyàwó tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀.

Èmi kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe. Iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọdún kejìlá rèé. Bàbá ìbá fẹ́ kí n jókòó sí ọ́fíìsì, kí n ní tábìlì àti kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó wá, ó wo àwọn sípánà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Hẹ̀n," ó sì padà wọlé. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ju "hẹ̀n" yẹn lọ lẹ́nu rẹ̀ nípa iṣẹ́ mi, ó sì ń dùn mí.

Lọ́dún yìí ni ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ooru ìta bá ti kọjá ọgbọ̀n dìgírì, kí wọ́n jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrìn kan ṣoṣo tí Màmá fẹ́ràn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni: ìrìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Orúnkún ń da ẹ̀gbọ́n náà láàmú, kò lè jáde wá. Láàárọ̀ tí ìta ṣì tutù, ilé ìwòsàn ni ẹ̀gbọ́n náà máa ń wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni wọn kò fi fojú kan ara wọn. Wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n Màmá ní ìjà kì í dùn lórí fóònù.

Àbúrò mi ní òun á máa fi mọ́tò gbé wọn.

"Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni mí ni?" Màmá bi í. "Ẹsẹ̀ mi ni n ó fi lọ."

Bí aago mẹ́rin bá ti lù, Màmá á wọ bàtà, wọ́n á jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ìyẹn ni n kò lè fara dà.

Bàbá náà kò lè fara dà á. Ó yọ tẹmómítà lára ògiri, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà tí kò tó ọgbọ̀n. So ó mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ."

Mo fi túùbù àlòkù so ó mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, mo fi páálí funfun ṣe ìbòòji fún un. Láago mẹ́rin, mo gbéra. Bí mo bá ti dé ẹnu òpópónà kan, n ó wo tẹmómítà láìdúró, n ó kígbe nọ́ńbà sínú fóònù tó wà láyà mi, Bàbá á sì kọ ọ́ sílẹ̀ nílé. Mo kígbe "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!" níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó rò pé ọjọ́ orí òun ni mò ń ka. "Ẹ ṣé o," ló dá mi lóhùn, "ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́ta!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gùn ún. Ìwé Bàbá ní ọ̀nà ọlọ́dà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọgbà wa tó ní ìbòòji jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn sọ́míìlì, tí a máa ń gba pápá bọ́ọ̀lù dé, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Abẹ́ igi ẹ̀yìn sọ́míìlì ńkọ́?" Màmá ní. "Ara mi mọ̀ pé ibẹ̀ tutù."

"Ìyá wọn, ara kì í ṣe tẹmómítà."

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá àti Bàbá jọ gba ọ̀nà ọlọ́dà. Wọn kò lè kọjá ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Orí àga rẹ̀ ni mo ti bá Màmá, òógùn bò wọ́n, onígbàjámọ̀ ń fi aṣọ ìgẹrun fẹ́ wọn, Bàbá dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti fà ro. Nígbà tí a délé, Màmá bọ́ bàtà, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà mí pé wọn kò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo gbé oògùn lọ fún ẹ̀gbọ́n Màmá. Inú ń bí mi: sí oòrùn, sí Bàbá, sí tẹmómítà tí n kò tíì tú kúrò. Mo la pápá bọ́ọ̀lù kọjá. Bí mo ṣe yà sẹ́yìn sọ́míìlì ni táyà iwájú jò pẹ̀ẹ́. Èmi, oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́! Mo bú u dáadáa, mo jókòó sábẹ́ igi, mo yọ túùbù, mo lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dìde, mo wo tẹmómítà: méjìdínlọ́gbọ̀n.

Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo ti kẹ̀kẹ́ padà sí pápá nínú oòrùn: ó ṣì wà ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo dúró. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, bí ìṣẹ́jú méje kọjá, ó dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo pariwo tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fi dúró. Tẹmómítà yìí kì í kánjú! Ooru ibi tí mo ti ń bọ̀ ló ń sọ fún mi, kì í ṣe ti ibi tí mo dé.

Mo sáré jíṣẹ́ oògùn, mo sáré délé, mo sọ fún Bàbá. Ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́," ó ní, "ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi kí wọ́n tó kà á."

"Àpótí yín kì í rìn, Bàbá."

"Kì í rìn. Ìyẹn ni mo ṣe gbàgbé."

Ó fa ìlà ọ̀nà tuntun sórí ìwé. Kò gba pápá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri sọ́míìlì, níbi tí òjìji ògiri máa ń bo ọ̀nà láago mẹ́rin. Mo gùn ún lọ́jọ́ mẹ́ta, mo ń dúró fún ìṣẹ́jú méje níbi gbogbo. Kò síbi kankan tó dé ọgbọ̀n. Dókítà wo ìwé náà, ó ní kí Màmá máa lọ.

Èmi fúnra mi ni mo fa bàtà Màmá yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá ń rìn níwájú, mò ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn, Bàbá jókòó sórí káríà, ó ti tú tẹmómítà mú lọ́wọ́, ó ń kà á sókè bí alága ìdìbò. Wọ́n rọra rìn, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Oṣù méjì!" ẹ̀gbọ́n wọn kígbe láti orí àga. "Ṣé ìgbín ló gbé ọ wá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi lómi ná, ká tó jà."

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó fọ́ ìkòkò kan nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ayọ̀ kún inú mi débi pé mo gbàgbé láti jókòó.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Bàbá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn."

"Ṣọ́ọ̀bù wo, Bàbá?"

"Tìrẹ. Lọ́jọ́ tí o ṣí i, bí o ṣe to àwọn sípánà yẹn láti kékeré dé ńlá. Orí mi wú."

Mo dúró. Mo di kẹ̀kẹ́ mú, mo ń wo ògiri, omi ń dà lójú mi.

Màmá wẹ̀yìn. "Kí ló dé tí ẹ dúró?"

Bàbá gbé tẹmómítà sókè fún wọn. "Ó ń sinmi ni," ó ní. "A ò ní pẹ́ kà á."