Sùráyà, Ọmọ-ọmọ Fátọ́lá

Ohun tó ń dun Bàbá Fátọ́lá kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sùráyà, orúkọ tí àgbẹ̀ Papalanto kò lè pè kí ahọ́n rẹ̀ má kọsẹ̀. Akóredé ọmọ rẹ̀ ti di Mùsùlùmí nígbà tó fẹ́ Lubabah. Ìyẹn ò dùn ún. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí bàbá ọmọ ló ni oríkì! Ààfáà alára dúró dè é lówùúrọ̀, ó ní, "Bàbá, ó kù sí yín lọ́wọ́." Kí ni àgbàlagbà yìí wá ṣe? Ó fajú ro, ó ní, "Èyí tí ẹ sọ náà ti tó." Háà, agídí burú o! Ọmọ tuntun ò ní oríkì, bàbá àgbà sì ń fi ìka àbámọ̀ bọnu láti àárọ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun Mangàríbì tán, ó gbé àpò rẹ̀, ó ní òun ń lọ wọkọ̀ Papalanto ní gáréèjì Kútò. Lubabah ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ lápá.

"Bàbá, ta ló ṣẹ̀ yín?"

"Ta ni ì bá ṣẹ̀ mí? Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Jẹ́ n máa lọ, ìyàwó mi."

Wọ́n ti mú iná lọ, gbogbo àdúgbò Òwu ṣókùnkùn, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Lubabah nawọ́ sókè. "Kí lẹ pe àwọn yẹn fún mi lọ́jọ́sí, nígbà tí oyún ò jẹ́ n rójú jókòó?"

Bàbá wòkè. Ìràwọ̀ kéékèèké tó ṣù pọ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń mọ ìgbà àgbàdo lóko wọn. "Àgbébọ̀ Ọlọ́mọ ni."

"Mo ní kí Alhaji bàbá mi bá mi bi ààfáà bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń pè é. Sùráyà ni, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mú un. Mo rò pé Akóredé ti sọ fún yín, òun náà rò pé èmi ni mo máa sọ ọ́."

Omijé lé ròrò sójú Bàbá Fátọ́lá. Ìtìjú mú un, inú rẹ̀ sì dùn. Ó sọ àpò kalẹ̀.

"Ṣé oríkì ò tíì pẹ́ jù?"

"Ẹ gbà á, Bàbá."

Ó gba ọmọ, ó gbé etí rẹ̀ súnmọ́ ẹnu. "Àjíkẹ́," ni ó wí. "Àjíkẹ́ mi." Oríkì ìyá Akóredé ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Fátọ́lá ò pè é mọ́.