Àga Tí Wọ́n Fagi Lé

Olórí ìjọba fa bírò pupa gba orí “àga tuntun fún yàrá àlejò ilé aṣòfin” kọjá, àwọn oníròyìn sì pàtẹ́wọ́. Aṣòfin tó jókòó lẹ́yìn wọn náà pàtẹ́wọ́. Kí ni ì bá ṣe? Òun gan-an ló pariwo títí òfin náà fi wọlé, pé kí olórí ìjọba lè máa fagi lé ìnáwó kan ṣoṣo láìda gbogbo ètò ìṣúná nù.

Àga kọ́ ló wà níbẹ̀ o! Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni, fún ilé ìwòsàn àdúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó dárúkọ ẹ̀rọ náà ní gbangba, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì já a gbà lọ sí àgbègbè tiwọn. Lọ́dún yìí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí àga. Nílé aṣòfin, abẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ dù lo máa fi nǹkan rẹ pamọ́ sí. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, wọn á rọra yí i padà sí ohun tó jẹ́ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Ó sáré bá akọ̀wé olórí ìjọba ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni, ẹ jọ̀ọ́.”

“Àga la rí níbẹ̀, Ọnọrébù. Ṣé kí ọ̀gá wá sọ fáyé pé ẹ parọ́ fún ilé aṣòfin ni?”

Ó yíjú padà, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó délé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orí àga gbọọrọ ló bá a, rédíò létí, ẹsẹ̀ méjèèjì wú bọ̀ǹbọ̀. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

“Àbúrò mi! Mo gbọ́! Àwọn ọ̀jẹ̀lú yìí, àga ni wọ́n tún fẹ́ rà? Òfin tìrẹ ló dá wọn lọ́wọ́ kọ́, mo mọ̀. O káre!”

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀.

“Ẹ̀rọ wa ńkọ́?”

“Ó di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú.”

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ. Obìnrin náà yí i sílẹ̀ díẹ̀.

“Kò burú. Màá dúró.”

Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ lẹ́sẹ̀ náà jìn wọnú, kò sì padà sípò. Ó gbójú sókè wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wò ó tipẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí i ní kékeré bí ó bá ṣubú tí kò fẹ́ kó sunkún. Ìgbà náà ló yé e pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní lè dúró dọdún tó ń bọ̀, àti pé obìnrin náà ti mọ̀ kó tó sọ pé òun á dúró.