Etí Bàbá Ìgò

"Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo ń gbọ́," ni Bàbá Ìgò dá ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lóhùn. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ ojú aago ara ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n nìkan ló rí, àti omi inú ife orí tábìlì tó ń jó. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà kíá.

Iná inú ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná máa ń kùn. Bí wọn ò bá tètè pa á lẹ́nu mọ́, kíkùn náà á máa ga sí i, á sì máa mi irin títí irin á fi sán. Ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́ ni àwọn ìgò irin kéékèèké, ọlọ́rùn tóóró, tí wọ́n tò yí ihò iná ká. Ìgò kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, ohùn yẹn ló sì máa ń gbé mì. Bí ẹ̀gbin bá dí ọrùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí, kò ní wúlò mọ́. Ilé iṣẹ́ ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n eruku ti bò ó. Bàbá Ìgò ní ẹnu àti etí òun ti tó. Yóò fẹ́ atẹ́gùn sí ọrùn ìgò bí ọmọdé ṣe ń fun ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, yóò tẹ́tí, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i pé ó dáa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló tó bi í pé kí ló gbọ́?

Máníjà pè é sí ọ́fíìsì. "Igbákejì yín ló ki àwọn ìgò yẹn sínú ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò kì wọ́n dáadáa. Lẹ́tà tá a máa fi ní kó lọ jókòó sílé rèé. Ọwọ́ yín ló kù kẹ́ ẹ fi sí i."

Obìnrin ni igbákejì náà, ó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ó sì ní ọmọ méjì nílé ìwé. Bàbá Ìgò ki lẹ́tà náà sápò. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àwọn ìgò náà."

Nígbà tí irin tutù lọ́jọ́ kejì, òun àti obìnrin náà tú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún sílẹ̀. Ó fẹ́ àkọ́kọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fẹ́ ìkejì. Bákan náà ni. Ó rántí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń bá a jà lórí rédíò: "Baálé mi, ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo àdúgbò bá wa gbọ́ ìròyìn ni?" Ẹ̀rín ló fi ń rín tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ ìkarùn-ún, ó rí i pé obìnrin náà dorí kodò.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ ti fa ìlà sí i, sà."

"Ìlà kọ́ ni mo bi ọ́. Kí lo gbọ́?"

"Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀, sà."

"O gbọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Mẹ́ta ni wọ́n, sà."

"O sì kì wọ́n sínú ẹ̀rọ!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ ní ó dáa. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kò dáa? Mo rò pé etí tèmi ni ò mọ̀ ọ́n gbọ́."

Inú kọ́kọ́ bí i, kí ojú tó wá tì í. Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ di ẹni tí wọn kì í bi ní nǹkan.

"Mi ò gbọ́ ìkankan nínú wọn, ọmọ mi. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún Máníjà, sà! Wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa lọ."

"Ìwọ ni wọ́n fẹ́ ní kó lọ," ó ní, ó sì yọ lẹ́tà náà hàn án.

Lọ́sàn-án, ó ránṣẹ́ pe Máníjà àti gbogbo òṣìṣẹ́ wá sídìí tábìlì tí wọ́n to àwọn ìgò náà sí. Ó dá lẹ́tà padà fún Máníjà láìfọwọ́ sí i. "Èmi ni mo ní àwọn ìgò yìí dáa," ó ní. "Mi ò gbọ́ ohùn wọn. Etí mi ti lọ." Ó mú ìgò kan, ó fẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn, ó sì kọjú sí igbákejì rẹ̀.

"Ṣé ó dáa?"

Obìnrin náà wo Máníjà, ó wo òun náà. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì já a ní koro rí.

"Kò dáa, sà."

"O ṣeun," ni Bàbá Ìgò wí. Ó gbé e sí apá kan, ó sì na ìgò tó kàn sí i pé kó fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀.